Ọ̀gbẹ́ni D. O. Fágúnwà, Olùkọ́ Àwọn Ọmọ Kéékèèké ní Ìlú Ọ̀yọ́

Kò sí ẹni tí ó mọ ìwé Yorùbá kà tí kò mọ orúkọ Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà. Bí a bá dárúkọ rẹ̀ láàárín wa, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn olúkúlùkù ni àwọn ọdẹ akíkanjú, àwọn igbó kìjikìji, àti àwọn ẹ̀dá abàmì tí ìwé rẹ̀ kún fún. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìgbésí ayé ọkùnrin yìí tí àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ ọ́n ju gbogbo ènìyàn lọ. Ohun náà ni pé kí orúkọ rẹ̀ tó kàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó ti fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣe olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìlú Ọ̀yọ́. Inú àwọn ọdún wọ̀nyí náà ni ó kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìtàn yìí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí mo gbà pé ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ nípa bí a ti í kọ́ ọmọdé láti mọ ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀, kí ó fẹ́ràn rẹ̀, kí ó sì máa tọ́jú rẹ̀.

Ní ọdún 1903 ni a bí Fágúnwà ní Òkè-Igbó, ìlú kan tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni Joshua Akíntúndé Fágúnwà, orúkọ ìyá rẹ̀ sì ni Rachel Òṣunyọmí. Oròwọlé ni orúkọ tí a kọ́kọ́ sọ ọmọ náà. Nígbà tí ó yá ni ó fi Ọlọ́runfẹ́mi rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ àwọn orúkọ wọ̀nyí, ẹ ó rí i pé ayé méjì ni ọmọ náà bá nínú ilé. Ifá, Ọ̀ṣun àti Orò wà nínú orúkọ ẹbí rẹ̀. Joshua, Rachel àti Daniel sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ayé méjèèjì yìí kò fi í sílẹ̀ títí ó fi kú, a sì rí àmì àwọn méjèèjì nínú gbogbo ohun tí ó kọ.

Orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀ ti sọ irú ibi tí ó jẹ́ fún wa. Ilẹ̀ igbó ni, níbi tí ìrókò àti àràbà ti ń ga ju gbogbo igi yòókù lọ, tí ọ̀pẹ àti obì sì wà nítòsí ilé. Ní ìgbà èwe Fágúnwà ni oko kòkó sì ń gbilẹ̀ sí i ní agbègbè náà. Ọmọ tí ó bá dàgbà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní ayé ìgbà náà kì í pẹ́ mọ ọ̀nà oko. Bí ó bá ti lè rìn ni yóò ti máa tẹ̀ lé àwọn àgbà lọ. Yóò mọ ewé tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ, yóò sì mọ èyí tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Yóò mọ igbe ẹyẹ tí ó ń sọ pé ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́, àti èyí tí ó ń sọ pé ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Bí ó bá di alẹ́, tí òṣùpá yọ, yóò jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì gbọ́ àlọ́ nípa ìjàpá, erin, àti ọdẹ tí ó pàdé iwin nínú aginjù.

Ní ọdún 1916 ni Fágúnwà wọ ilé-ìwé St. Luke's ní ìlú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ ro èyí wò. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà náà. Ọdún mẹ́tàlá gbáko ti kọjá kí ó tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú olùkọ́. Àwa òde òní lè sọ pé ó pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n bí a bá sọ bẹ́ẹ̀, a ṣì í. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Oko ni kíláàsì rẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn àgbà ilé ni olùkọ́ rẹ̀, igbó sì ni ìwé tí ó kọ́kọ́ kà. Nígbà tí ó wá kọ́ a, b, d, ó ti ní ohun púpọ̀ nínú tí ó lè fi lẹ́tà wọ̀nyí kọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní ayé tiwa ni wọ́n mọ lẹ́tà kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, síbẹ̀ wọn kò mọ orúkọ koríko kan ṣoṣo lára àwọn tí ó hù sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà wọn.

Ó wà ní St. Luke's títí di ọdún 1924. Ní ọdún 1926 ó wọ Kọ́lẹ́jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ka ìwé yìí wà. Ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́lá ni St. Andrew's. Ìjọ C.M.S. ti kọ́kọ́ ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ní Èkó, kí wọ́n tó gbé e wá sí Ọ̀yọ́ ní ọdún 1896. Láti ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ àti àwọn àlùfáà ti jáde lọ sí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá àti ré kọjá rẹ̀.

Ilẹ̀ tí Fágúnwà bá ní Ọ̀yọ́ kò jọ ti ìlú rẹ̀. Ọmọ igbó dé ilẹ̀ ọ̀dàn. Koríko gíga ló wà níbi tí ó ti mọ igbó dídí. Igi tí ó jìnnà sí ara wọn ló wà níbi tí ó ti mọ igi tí ẹ̀ka wọn wọ ara wọn. Níhìn-ín ni igi irú àti igi òrí wà, tí ọyẹ́ ń fẹ́ gbẹ ewé, tí iná sì ń jó pápá lọ́dọọdún. Ìlú náà pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀ nípa ilẹ̀. Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí, tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀ dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, kì í ṣe Ọ̀yọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀yọ́-Ilé wà ní àríwá, àwọn ènìyàn sì kó kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840 nítorí ogun. Láti ìgbà náà ni igi àti koríko ti bo ààfin àti odi ìlú tí ó ti jọba lórí ilẹ̀ púpọ̀. Ẹranko ń jẹko níbi tí àwọn ìjòyè ti ń kúnlẹ̀. Ní ọdún 1991 ìjọba sọ agbègbè náà di ọgbà ìtọ́jú ẹranko àti igi fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí olùkọ́ kan ní Ọ̀yọ́ bá ń wá ohun tí yóò fi hàn ọmọ pé ilẹ̀ ń pẹ́ ju ìlú lọ, kò ní láti rìn jìnnà.

Ní ọdún 1929 Fágúnwà parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́jì náà ti ń dánra wò. Ibẹ̀ ni ó wà títí di ọdún 1939.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò mi orí bí wọ́n bá ka ibí yìí. A kì í sábà fi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yangàn. Bí a bá yan akẹ́kọ̀ọ́ sí kíláàsì gíga, inú rẹ̀ a dùn. Bí a bá yàn án sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké, ó lè rò pé wọ́n rẹ òun sílẹ̀. A máa ń wí pé iṣẹ́ obìnrin ni, tàbí pé kò gba ọgbọ́n púpọ̀, pé kí a sáà nu imú wọn, kí a sì kọ orin fún wọn títí agogo yóò fi lù. Níhìn-ín ni a rí ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ pé, tí ó tí ilé ẹ̀kọ́ tí ó dára jùlọ jáde, tí ó sì lo ọdún agbára rẹ̀, láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n títí di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọn kò tíì mọ bí a ti ń di bàtà.

Ó dára kí a mọ orísun irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ará Jámánì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Friedrich Froebel ni ó kọ́kọ́ dá irú ilé-ìwé àwọn ọmọ kéékèèké tí ó tàn ká gbogbo ayé sílẹ̀. A bí i ní ọdún 1782. Ìyá rẹ̀ kú kí òun tó pé ọmọ ọdún kan, ó sì jẹ́ ọmọ tí ń dá rìn. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́, a fi í sọ́dọ̀ olùtọ́jú igbó láti kọ́ iṣẹ́ fún ọdún méjì, láàárín igi ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa bí ohun alààyè ti ń dàgbà. Ní ọdún 1837 ó ṣí ilé kan fún àwọn ọmọ kéékèèké ní ìlú Bad Blankenburg. Ní ọdún 1840 ó sọ ọ́ ní orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ ọgbà àwọn ọmọdé. Kì í ṣe àfiwé lásán ni ó fi orúkọ náà ṣe. Ó fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ebè tirẹ̀, tí yóò gbin ohun tí ó wù ú sí, kí gbogbo wọn sì ní ilẹ̀ kan tí wọn yóò jọ máa tọ́jú. Èyí tí ó jẹ́ ti ọmọ yóò kọ́ ọ ní ẹrù iṣẹ́. Èyí tí ó jẹ́ ti gbogbo wọn yóò kọ́ ọ pé òun nìkan kọ́ ni ó ni ayé. Ìjọba Prussia fi òfin de ilé-ìwé wọ̀nyí ní ọdún 1851; Froebel sì kú ní ọdún 1852, kí wọ́n tó mú òfin náà kúrò ní ọdún 1860. Ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ ti fọ́n ká.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ní ọdún 1925, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìlànà ẹ̀kọ́ kan jáde fún àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wí pé kí ẹ̀kọ́ bá ìgbésí ayé àti àyíká àwọn ènìyàn mu. Nípa bẹ́ẹ̀ ni oko ilé-ìwé àti ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun tí Ọlọ́run dá fi gbilẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ òbí kò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní àwọn kò san owó ilé-ìwé kí ọmọ àwọn lè lọ roko. Oko wà nílé. A kò lè dá wọn lẹ́bi pátápátá. Ohun tí wọ́n rí ni ọkọ́. Wọn kò rí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ olùkọ́ pàápàá kò fi í sí i.

Ó di dandan fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ọdún márùn-ún láti mọ ìtàn í sọ. Ọmọ kékeré kì í gba àlàyé. Ìtàn ni ó ń gbà. Bí o bá sọ fún un pé kí ó má ṣe ya ẹ̀ka igi, yóò gbàgbé kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. Bí o bá sọ ìtàn igi kan fún un, igi náà yóò di ojúlùmọ̀ rẹ̀, a kì í sì í ya apá ojúlùmọ̀ ẹni. Fágúnwà gbé láàárín irú àwọn olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Wọn kì í ṣe olùgbọ́ tí ń fi ìwà pẹ̀lẹ́ bo àárẹ̀ mọ́lẹ̀: bí ìtàn kò bá dùn, wọn a sùn. Ní ọdún 1936 ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé ìdíje ìwé kíkọ kalẹ̀, Fágúnwà sì kọ ìtàn kan sí i. Ìtàn yẹn ni ó di Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ilé ìwé C.M.S. tẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Òun ni a kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ tí a kọ ní èdè Yorùbá. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni Elizabeth Adébánkẹ́.

Púpọ̀ nínú wa ti ka ìwé náà, nítorí náà èmi kì yóò tún un sọ. Ohun méjì péré ni mo fẹ́ tọ́ka sí. Èkínní wà ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Bàbá Àkàrà-ògùn, tí ó jẹ́ ọdẹ, yìnbọn lu ẹranko kan nínú oko ilá. Nígbà tí ó tọ ipa ẹ̀jẹ̀ náà, inú ilé ara rẹ̀ ni ó já sí, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀ tí ó kú, apá kan ènìyàn, apá kan ẹranko. Ìtàn ẹlẹ́rù ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí ọkùnrin náà ṣe lọ́ṣẹ́ nínú oko, ará ilé rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá sun igbó tí ó yí orísun omi ìlú rẹ̀ ká, tí ó sì wá rí i ní ọjọ́ kan pé odò ti gbẹ, òun náà ti tọ ipa ẹ̀jẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀.

Èkejì wà nínú ìrìn àjò àwọn ọdẹ sí Òkè Láńgbòdó, nígbà tí ọba rán wọn láti lọ wá ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú. Agbára nìkan kọ́ ni wọ́n fi lọ. Ọ̀kan nínú wọn, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ, gbọ́ èdè àwọn ẹranko. Òmíràn, Olóhùn-iyọ̀, ní ohùn orin tí ó dùn ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Nígbà tí wọ́n sì dé ibi tí wọ́n ń lọ, ẹ̀kọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀: Ìrágbèje kọ́ wọn fún ọjọ́ méje nínú ilé olójúlé méje. Ìmọ̀, orin, àti etí tí ó gbọ́ èdè ẹ̀dá mìíràn, ṣé kì í ṣe ohun tí kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ní láti ní nìyí?

Àwọn kan lè wí pé ìwé Fágúnwà ń dẹ́rù ba ọmọdé, pé ó sọ igbó di ilé iwin, àti pé ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù igbó kò lè fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀n òtítọ́. Àwọn baba wa fi ẹ̀rù pa ọ̀pọ̀ igbó mọ́. Ibi tí a bá ti wí pé ó jẹ́ ti irúnmalẹ̀, àdá kì í wọ ibẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005, kò bá má sí mọ́ bí kò ṣe ọ̀wọ̀ tí a fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù nìkan bá ni ó ń ṣọ́ igi, ọjọ́ tí ẹ̀rù bá lọ ni igi yóò lọ. A ti rí èyí ní ìlú púpọ̀. Ohun tí mo rí nínú Fágúnwà ju ẹ̀rù lọ. Àwọn ọdẹ rẹ̀ ń bẹ̀rù, síbẹ̀ wọ́n ń padà lọ. Ìyanu ń fà wọ́n. Bí ọmọdé bá pa ìwé náà dé, kò ní í ka igbó sí ilẹ̀ ṣófo tí ń dúró de ẹni tí yóò gé e. Yóò mọ̀ pé ilé ni, pé ó ní onílé, àti pé ẹni tí ó bá wọlé gbọ́dọ̀ kí wọn.

Lẹ́yìn ọdún 1939 Fágúnwà kúrò ní Ọ̀yọ́, ó sì ṣe olùkọ́ ní ibòmíràn, títí kan Èkó. Láti ọdún 1946 sí 1948 ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1949 ni Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde; Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje tẹ̀ lé wọn ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì jáde ní 1961. Bí òkìkí rẹ̀ ti tó, kò gbàgbé àwọn kékeré tí ó ti bá gbé. Òun àti L. J. Lewis jọ kọ àwọn ìwé kíkà Táíwò àti Kẹ́hìndé fún àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. Ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń tẹ ìwé, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Heinemann. A fún un ní ẹ̀bùn Margaret Wrong ní ọdún 1955, àti oyè M.B.E. ní 1959.

Ní oṣù December ọdún 1963 ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní apá Òkè Ọya. Ó dé etí odò ní Wuya, lẹ́bàá ìlú Bida, níbi tí ó ti ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e sọdá. Ibẹ̀ ni ó ti ṣubú sínú odò, omi sì gbé e lọ. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni. Ìbànújẹ́ ńlá bá gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1968 Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí kò gbọ́ èdè wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú Igbó Irúnmalẹ̀ pẹ̀lú wa.

Báyìí ni ìgbésí ayé Fágúnwà ti lọ. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí ó fi kàn mí.

Nígbà tí a rán mi lọ ṣe ìdánrawò ní ilé-ìwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ni a fi mí sí. Bí ọmọ bá pẹ́, tàbí tí ó pariwo, mo máa ń fún un ní ilẹ̀ kékeré lẹ́yìn ilé-ìwé láti fi ọwọ́ tu koríko rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ èyí fún mi. Èmi ni mo ṣe é, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún èmi náà ní kékeré, mo sì rò pé ó sàn ju pàṣán lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo fẹ́ kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa irúgbìn. Mo ti ra àgbàdo àti ẹ̀wà, mo ti pín ilẹ̀ sí ebè kéékèèké. Mo pe gbogbo wọn jáde tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹ̀yìn ilé-ìwé ni à ń lọ, àwọn kan dúró. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọmọkùnrin kékeré kan wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, ó ń bẹ Tísà pé kí n dárí jì wọ́n, ó sì béèrè ohun tí gbogbo wọn ṣẹ̀.

N kò mọ ohun tí mo lè dá a lóhùn. Ojú tì mí. Èmi tí mo fẹ́ kọ́ wọn láti fẹ́ràn ilẹ̀ ni mo ti fi ọwọ́ ara mi sọ ilẹ̀ di ibi ìjìyà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo ti ṣe é. Bí olùkọ́ bá wá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, kí ni ọmọ náà yóò dà? Yóò dàgbà, yóò rò pé ọkọ́ wà fún ẹlẹ́ṣẹ̀, àti pé ẹni tí ó kàwé dáadáa ni ẹni tí kò ní í fọwọ́ kan erùpẹ̀ mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò máa da ìdọ̀tí sínú odò, tí yóò sì gé igi láì gbin òmíràn, nítorí pé ilẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ lórí koríko pẹ̀lú wọn. N kò gbin ohunkóhun ní ọjọ́ náà. Ìtàn ni mo sọ. Mo sọ bí ọdẹ kan tí ń jẹ́ Ògúnlọlá ti tẹ̀dó sábẹ́ igi àjàgbọn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Lórungbẹ́kùn, àti bí ibẹ̀ ti di ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ tí a bí wọn sí. Mo fi yé wọn pé abẹ́ igi ni ìlú wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu yà wọ́n. Lẹ́yìn náà mo ní kí olúkúlùkù mú ewé kan wá tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì mú ewé mẹ́rin wá; ó mọ orúkọ wọn, ó sì mọ ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ ń fi ìkọ̀ọ̀kan ṣe. Èmi Tísà kò mọ̀ ju méjì lọ nínú wọn. Mo ní kí ó kọ́ gbogbo wa. Ní ọjọ́ kejì ni a tó gbin àgbàdo, kò sì sí ẹni tí ó sunkún.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rántí Fágúnwà ní ọ̀nà mìíràn. Ohun tí ó fi di ńlá, ó ti ní i kí ó tó mọ ìwé: ilẹ̀ ìlú rẹ̀, tí a fi hàn án pẹ̀lú orúkọ àti pẹ̀lú ìtàn. Nígbà tí ó di olùkọ́, kò ka ọ̀dọ̀ àwọn kékeré sí ibi ìtìjú. Kíláàsì tí àwa ń sá fún ni ibi tí ọmọ ti ń pinnu, láì mọ̀, bóyá ilẹ̀ yóò jẹ́ ìyá fún òun tàbí ibi ìjìyà. Bí a bá pàdánù rẹ̀ níbẹ̀, ó ṣòro kí olùkọ́ kíláàsì gíga tó rí i gbà padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá yàn yín sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké ní ọdún tí ń bọ̀, ẹ má ṣe bara jẹ́. Ẹ mú ìtàn lọ́wọ́. Ẹ kọ́ orúkọ igi mẹ́wàá tí ó wà láyìíká ilé-ìwé náà kí ẹ tó débẹ̀; bí ẹ kò bá mọ̀ wọ́n, ẹ bi àwọn ìyá àgbà àdúgbò. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ebè tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ inú agolo tí ó ti jẹrà ni. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ọmọ bá ṣẹ̀, ẹ wá ìyà mìíràn fún un. Ẹ má ṣe fi ilẹ̀ jẹ ẹ́ níyà.